Bàbá Àgbà Mi àti Aṣọ Aró Tó Yí Àwọ̀

Ní ọjọ́ tí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ fún bàbá àgbà mi ní agboolé wa ní Ìgbẹ̀ìn, gbogbo ẹni tí wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ló sọ ohun kan náà: pé bàbá náà kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé. Àlùfáà sọ ọ́. Aládùúgbò sọ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni kan tí n kò mọ̀ rí, tó ní òṣèré ni òun, sọ ọ́ tẹkún-tẹkún. Mo jókòó sẹ́yìn àwọn ìyá, mo ń gbọ́, ara sì ń fu mí. Kì í ṣe pé mo kórìíra kí wọ́n yin òkú. Ṣùgbọ́n lẹ́sẹ̀ bàbá yìí gan-an ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ pé nígbà tí ẹnu púpọ̀ bá sọ ọ̀rọ̀ kan, tí ọ̀rọ̀ náà sì dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, kí n wá ibi tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ kàn án. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ àròkọ yìí. N kò ní to ìgbésí ayé wọn láti ìbí dé ikú. N kò mọ gbogbo rẹ̀, bí mo bá sì díbọ́n pé mo mọ̀ ọ́n, àwọn fúnra wọn ni ì bá kọ́kọ́ bi mí pé: "Àjọkẹ́, ta ló sọ fún ọ?"

Olóòtú fíìmù ni bàbá àgbà mi. Bàbá Ẹ́dítọ̀ ni àwọn òṣèré ń pè wọ́n. Yàrá kékeré kan lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà agboolé ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, fáànù tó ń dún bí ẹni tó ní ikọ́ fée, àti àga onígi tí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé. Iṣẹ́ wọn ni láti mú àwòrán tí wọ́n yà lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n gé e, kí wọ́n sì so ó pọ̀ títí òǹwòran yóò fi gbà pé ọjọ́ kan náà ni, pé ẹsẹ̀ kan ló tẹ̀lé èkejì. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, mo máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́yìn wọn.

Mo rántí fíìmù kan tí obìnrin kan ti fi ìbínú jáde nílé ọkọ rẹ̀, tó sì gba ilé ìyá rẹ̀ lọ. Ìgbẹ̀ìn ni wọ́n ti ya ilé ọkọ. Ọ̀dẹ̀dá ni wọ́n ti ya ilé ìyá, ti Ọ̀dẹ̀dá ni wọ́n sì kọ́kọ́ yà. Bàbá àgbà dá àwòrán náà dúró.

"Àjọkẹ́, apá ibo ló gbà jáde?"

"Apá ọ̀tún, sà."

"Apá ibo ló gbà wọlé ìyá rẹ̀?"

"Apá ọ̀tún náà ni, sà."

"Ó ti padà sílé ọkọ nìyẹn! Ẹni tó bá jáde lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni kí ó ti yọ, kí ojú lè gbà pé iwájú ló ń lọ. Kò tíì débi tó ń lọ, dàrẹ́kítọ̀ ti bá a parí ìjà."

Wọ́n tún fi hàn mí bí a ṣe ń fi ọ̀bẹ pamọ́. Bí èèyàn bá fẹ́ jókòó, kí a má ṣe gé àwòrán nígbà tó bá dúró, kí a má sì gé e nígbà tó bá ti jókòó tán. Ìgbà tí ara bá ń lọ sílẹ̀ ni kí a gé e, kí a sì fi àwòrán kejì parí ìjókòó náà. Mo bi wọ́n pé kí ló fà á. Kí ẹ forí jì mí, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe ń kọ ọ́: "Ojú kì í rí ọ̀bẹ nígbà tó bá ń wo ìdí tó ń jókòó."

Iṣẹ́ yìí ló sọ wọ́n di onífura. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Ní ti bàbá àgbà mi, wọn kò fi í ṣe oògùn. Oúnjẹ ni wọ́n fi í ṣe, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ohun gbogbo tó wà nínú ilé ní ibi tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Bí ìgò epo bá yí díẹ̀ lórí pẹpẹ, wọn yóò pe ìyá àgbà mi.

"Ìyá Múfú, ojú fèrèsé ni ìgò yìí kọ sí lánàá. Ta ló yí i?"

"Èmi ni mo yí i, Bàbá Múfú. Mo ní kí òun náà máa ṣọ́ yín."

Ní ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi Táófíkì pẹ́ kó tó dé, ó ní mọ́ṣáláṣí ni òun ti ń bọ̀. Bàbá àgbà wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"O kírun?"

"Mo kírun, sà."

"O ṣe àlùwàlá?"

"Mo ṣe é, sà."

"Kí ni eruku ń wá lẹ́sẹ̀ rẹ títí dé orúnkún?"

Táófíkì gbé ojú sókè díẹ̀. "Omi ò sí, sà. Tàyámọ́mù, àlùwàlá oníyẹ̀pẹ̀, ni mo ṣe."

Ẹ̀rín pa bàbá àgbà títí wọ́n fi di ara ilẹ̀kùn mú. Wọn kò nà án. Ṣùgbọ́n bó ti fẹ́ kọjá wọlé, wọ́n nawọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ omi: "Irọ́ náà dára. Lọ wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó wọlé."

Ohun tí wọ́n kórìíra jù ni ìtàn tó ń yọ̀. Bí ayálégbé bá wá ṣàlàyé ìdí tí ilẹ̀kùn fi ṣẹ́, tí àlàyé náà sì lọ geere láìdúró, bàbá àgbà yóò mi orí. Bí ẹlòmíràn bá ń kálòlò, tó ń sọ pé "rárá o, ó ti ṣe díẹ̀ kí n tó, dúró ná," òun ni wọn yóò gbà gbọ́. Wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún mi nígbà tí mo ka àròkọ ilé ìwé mi kan sí wọn létí, èyí tí olùkọ́ ti yìn gidigidi. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n sì ní: "Ó dùn. Ṣùgbọ́n ìtàn tí kò bá kọsẹ̀ rárá, ẹnìkan ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀."

Àwọn tó ní bàbá àgbà kò jà rí kò sí níbẹ̀ nígbà tí bàbá àgbà bá dàrẹ́kítọ̀ kan jà nítorí yẹtí. Opó kan ń sunkún nínú fíìmù náà. Yẹtí wà létí rẹ̀ nínú àwòrán kan, kò sí níbẹ̀ nínú èyí tó tẹ̀lé e, ó sì tún wà níbẹ̀ nínú ẹ̀kẹta.

"Bàbá Ẹ́dítọ̀, ẹ jẹ́ ká lọ," ni dàrẹ́kítọ̀ wí. "Ẹkún ni wọ́n máa wò. Ta ló máa rí yẹtí?"

"Èmi."

"Ṣé ẹ̀yin nìkan?"

"Èmi nìkan tó."

Wọn kò kí ara wọn ní gbogbo ìgbà òjò ọdún náà. Nígbẹ̀yìn, dàrẹ́kítọ̀ kó àwọn òṣèré padà wá, bàbá àgbà sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi tún un yà. Wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: "dídá ọjọ́ padà." Kí oníkálukú wọ aṣọ tó wọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó jókòó síbi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀, kí fìlà tẹ̀ sí apá tó tẹ̀ sí tẹ́lẹ̀, kí òòrùn sì wà níbi tó wà, kí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yà lè so mọ́ ti àtijọ́ láìsí àpá. Wọ́n máa ń sọ pé: "Ọjọ́ kò ṣeé dá padà fún ẹni tí kò bá rántí ibi tí fìlà rẹ̀ tẹ̀ sí."

Mo wá dé ibi tí àwọn olùsọ̀rọ̀ ọjọ́ kẹjọ fò dá.

Bàbá àgbà mi ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan, olórí ilé wa nígbà náà, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Agboolé. Wọ́n sì ní àbúrò obìnrin kan, Sìkírá, tó lọ́kọ sí Pápálántò. Màmá Pápálántò ni àwa ọmọ ilé ń pè wọ́n. Nígbà tí ọkọ Màmá Pápálántò kú, tí àwọn ará ilé ọkọ kò sì fẹ́ wọn mọ́, wọ́n padà sí Ìgbẹ̀ìn. Bàbá Agboolé fi wọ́n sí yàrá méjì tó kọjú sí àgbàlá. Nígbà tí àìsàn wá dé sí Bàbá Agboolé, wọ́n jókòó sí àgbàlá náà, wọ́n ní kí ọmọ wọn, Bọ̀ọ̀dá Wàsíù, fi fóònù ya ohùn àti àwòrán wọn, kí àríyànjiyàn má bàa wà lẹ́yìn ọ̀la.

Wọ́n sọ̀rọ̀. Wọ́n ní: "Ẹni tó wà ní yàrá méjì yẹn, kí ẹnikẹ́ni má lé e jáde títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé." Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ẹnìkan pe fóònù náà, àwòrán sì dá. Lẹ́yìn ìpè náà, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀: "Sìkírá, àbúrò mi, ni mò ń wí." Bọ̀ọ̀dá Wàsíù so méjèèjì pọ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Bàbá Agboolé jáde láyé.

Bàbá àgbà mi ló di olórí ilé. Wọ́n pe ìpàdé ẹbí lẹ́yìn ìrun alàásàárì. Nítorí ìfura, wọ́n gbé kámẹ́rà ti ara wọn ka orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí igun pálọ̀, kí ẹnikẹ́ni má wá sẹ́ ohun tó bá sọ níbẹ̀. Búbá funfun ni wọ́n wọ̀, fìlà wọn tẹ̀ sí òsì. Màmá Pápálántò jókòó lórí ẹní lẹ́bàá ilẹ̀kùn nínú àǹkárá aláwọ̀ ìyeyè. Bọ̀ọ̀dá Wàsíù tan fídíò náà sórí tẹlifíṣọ̀n. Bàbá àgbà fi ọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń wò ó.

"Dá a padà. Dúró níbẹ̀." Wọ́n dìde, wọ́n lọ fi ìka kan ojú tẹlifíṣọ̀n. "Wàsíù, ọjọ́ mélòó lo fi ya èyí?"

"Ọjọ́ kan ni, Bàbá. Ìjókòó kan ni. Ìpè fóònù ló dá wa dúró díẹ̀."

"Kí ló wà lórí okùn lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi?"

"Aṣọ tí ìyàwó yín sá ni, Bàbá."

"Kí ni àwọ̀ rẹ̀?"

Gbogbo wa wò ó. Aṣọ náà ní àwọ̀ ewé tútù.

"Tẹ̀ ẹ́ síwájú." Ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ojú ìsopọ̀, níbi tí Bàbá Agboolé ti dárúkọ Sìkírá, aṣọ tó wà lórí okùn ti di aró dúdú. "Ewé nìyẹn. Aró nìyí. Aṣọ méjì, ọjọ́ méjì! Ọjọ́ kan ló sọ̀rọ̀ yàrá, ọjọ́ mìíràn ló dárúkọ Sìkírá. Ta ló mọ ohun tó ń bá Sìkírá sọ lọ́jọ́ kejì yẹn? Ta ló mọ ẹni tó ń bá wí lọ́jọ́ kìíní?"

"Bọ̀ọ̀dá," ni Màmá Pápálántò wí láti orí ẹní, "èmi tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tan fóònù?"

"Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tàn ló máa ń bẹ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ìwọ àti Wàsíù lẹ jọ ran án. Olè tó bá fi abẹ́rẹ́ wọlé, olè náà ni."

Gbogbo wa ló rí àwọ̀ méjì náà. Ìyá àgbà mi ì bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sí nílé. Ọ̀dẹ̀dá ni wọ́n wà, wọ́n ń wẹ ọmọ tuntun fún ọmọbìnrin wọn. Ìgbà tí wọ́n fi máa dé, bàbá àgbà ti ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ náà pa, wọn kò sì fi fídíò náà han ẹnikẹ́ni mọ́. Màmá Pápálántò ti di ẹrù wọn. Wọn kò sunkún. Ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n yíjú sí bàbá àgbà mi: "Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ ti mọ gbogbo nǹkan tán."

Wọ́n padà sí Pápálántò, sí yàrá kan tí wọ́n háyà lẹ́bàá títì tí àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì ń gbà kọjá. Bọ̀ọ̀dá Wàsíù kò wọ yàrá bàbá àgbà mọ́. Bí bàbá àgbà bá ti gba iwájú agboolé, Bọ̀ọ̀dá Wàsíù á gba ẹ̀yìn. Àwọn yàrá méjì náà wà ní títì, ẹnikẹ́ni kò sì gbé inú wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo rí bàbá àgbà tí wọ́n dúró níwájú àwọn ilẹ̀kùn náà. Mo rò pé inú wọn kò dùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n, ìdáhùn kan ni: "Ohun tí ojú mi rí ni mo sọ."

Àárọ̀ ọyẹ́ kan ni ohun gbogbo yí padà, ní àgbàlá, níbi ìkòkò aró ìyá àgbà mi. Aláró ni ìyá àgbà. Ọ̀pọ̀ aláró ìlú wa ló ti gba àwọ̀ oníkẹ́míkà, ṣùgbọ́n aró ewé ẹ̀lú ni ìyá àgbà ṣì ń lò. Èmi náà wà níbẹ̀, mò ń bá wọn tú òwú kúrò lára àdìrẹ. Bàbá àgbà jáde wá, wọ́n ń wá bàtà wọn. Ìyá àgbà fa aṣọ kan yọ nínú ìkòkò, wọ́n sì sá a sórí okùn. Bàbá àgbà wò ó gààrà, wọ́n wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó rí bàtà. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n dúró.

"Ìyá Múfú! Wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ yín!"

"Ta ni?"

"Ẹ kó aṣọ yín wọlé! Ewé ló wà lórí okùn nígbà tí mo wọlé. Mo fojú ara mi rí i. Ta ló gba àgbàlá yìí kọjá?"

Ìyá àgbà di etí ìkòkò mú pẹ̀lú ọwọ́ wọn tó dúdú fún aró, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá Múfú, ẹ̀yin náà! Aláró lẹ fẹ́, ẹ ò mọ aró? Bí ewé ló ṣe máa ń jáde nínú ìkòkò. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di dúdú. Aṣọ kan náà ni."

Bàbá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Bàtà ẹsẹ̀ kan ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní: "Ẹ fa òmíràn yọ." Wọ́n jókòó sórí ọlọ, wọ́n sì tẹjú mọ́ aṣọ náà bí ẹni tó ń wo fíìmù. Ó jáde bí ewé ẹ̀fọ́. Etí rẹ̀ kọ́kọ́ ṣú. Ó ń ṣú wọ inú díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ fi di aró lójú wa.

"Ọjọ́ tí Wàsíù ya ẹ̀gbọ́n mi," ni wọ́n wí láìwo ẹnikẹ́ni, "ṣé ẹ rẹ aṣọ?"

"Mo rẹ ẹ́ kúkú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sá a lẹ́yìn wọn tán ni fóònù Wàsíù dún." Ẹ̀rín ìyá àgbà ti tán. Wọ́n ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

Mo ti rò ó títí, kí n lè mọ bí àgbà Ẹ̀gbá, ọkọ aláró, ṣe lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé wọ́n mọ̀ ọ́n, bí gbogbo wa ṣe mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò gbé ìmọ̀ àgbàlá wọ yàrá iṣẹ́ rí. Nínú yàrá iṣẹ́, aṣọ kì í yí padà àfi bí ẹnìkan bá yí i. Wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ lórí ọlọ náà: "Gbogbo ayé mi ni mo fi ń wá ẹni tó pààrọ̀ aṣọ. Mi ò rò ó rí pé aṣọ lè pààrọ̀ ara rẹ̀."

Èmi ni wọ́n mú dání lọ sí Pápálántò. Màmá Pápálántò ń sẹ́ ògì níwájú ilé. Bàbá àgbà lọ́ra títí, wọ́n sì lóṣòó níwájú àbúrò wọn.

"Sìkírá, mo wá."

"Mo rí yín, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ kú ìrìn."

"Aṣọ kan náà ni. Aró ló yí i. Mo ṣi ọ́ wí."

Màmá Pápálántò kò dá asẹ́ dúró. "Ẹ ti rí i báyìí?"

"Mo ti rí i."

"Ta ló gbọ́ pé ẹ rí i?"

"Àjọkẹ́ gbọ́."

Màmá Pápálántò wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín kékeré tí kò dé ojú. "Nígbà tí ẹ pè mí lólè, agboolé ló gbọ́. Nígbà tí ẹ fẹ́ tọrọ àforíjì, Àjọkẹ́ àti ògì ló gbọ́."

"Kí ni kí n ṣe?"

"Iṣẹ́ yín ni. Ibi tí ẹ ti gé mi kúrò, ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti so mí."

Bàbá àgbà mi gba ọ̀rọ̀ náà bí ó ti rí gan-an. Wọ́n pinnu láti dá ọjọ́ padà. Wọ́n tún ìpàdé náà pè, lẹ́yìn ìrun alàásàárì bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n wo àwòrán ìpàdé àkọ́kọ́, wọ́n sì fi ìka tọ́ka sí ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò jókòó. "Ìwọ, àga yẹn kọ́. Ìwọ, aṣọ tí o wọ̀ dà? Lọ pààrọ̀ rẹ̀." Àwọn kan ń kùn pé ṣé fíìmù ni wọ́n ń ṣe ni. Kámẹ́rà wà ní igun tó wà tẹ́lẹ̀. Búbá funfun wà lọ́rùn wọn, fìlà tẹ̀ sí òsì. Wọ́n ránṣẹ́ sí Bọ̀ọ̀dá Wàsíù, ó wá, ó sì dúró ti kámẹ́rà pẹ̀lú ìmú fífà. A tẹ́ ẹní sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Ohun tó kù ni ẹni tí yóò jókòó lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá yóò wá.

Màmá Pápálántò wọlé. Àdìrẹ ni wọ́n wọ̀, aró dúdú kirikiri, lára èyí tí ìyá àgbà rẹ.

Bàbá àgbà dìde. "Sìkírá, àǹkárá aláwọ̀ ìyeyè dà?"

"Mo ti fi ṣe àkísà."

"A lè wá irú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan sáré lọ sí…"

"Bọ̀ọ̀dá." Màmá Pápálántò jókòó sórí ẹní. "Ẹ jẹ́ kí ó hàn pé ọjọ́ ti kọjá."

Bàbá àgbà mi, ẹni tó bá dàrẹ́kítọ̀ jà nítorí yẹtí, wo aṣọ aró náà fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá ní: "Ó dáa. Kí ó hàn."

Wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, láti orí okùn aṣọ dé orí ọlọ. Wọ́n kọsẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ní: "Wàsíù, o ò ran nǹkan kan. Ojú mi ló ran án." Wọ́n ní: "Sìkírá, ilé bàbá rẹ nìyí. Ẹnikẹ́ni kò ní lé ọ, èmi ni mo kọ́kọ́ gbọdọ̀ gbọ́ ọ." Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ yàrá méjèèjì sórí ẹní náà. Màmá Pápálántò mú un, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tọ̀tún-tòsì, wọ́n ní, "Ṣé kọ́kọ́rọ́ àná náà nìyí, àbí ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀?" Ẹ̀rín bú nínú pálọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ẹlòmíràn tó fura sí bàbá àgbà nìyẹn, tí inú wọn sì dùn sí i.

Wọn kò fi ìfura sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Irọ́ ni mo ń pa bí mo bá kọ bẹ́ẹ̀. Títí tí wọ́n fi dùbúlẹ̀ àìsàn ni wọ́n ń bi dókítà pé oògùn àná dà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fi kún un, tí wọ́n sì ń sọ fún àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn: "Ẹ fura. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dájọ́, ẹ bi aláró."

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Bọ̀ọ̀dá Wàsíù ní òun yóò ṣe fíìmù ìrántí tí a ó wò ní ọjọ́ ogójì. Nígbà tó parí rẹ̀, ó pè mí wọ yàrá iṣẹ́ bàbá àgbà kí n bá òun wò ó. Màmá Pápálántò wà ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Fíìmù náà dùn. Bàbá àgbà jókòó nínú búbá funfun, wọ́n ní: "Mo dúpẹ́ pé gbogbo yín pé." Wọ́n gbé ọwọ́ sókè láti tún fìlà ṣe, ọwọ́ náà sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì ní: "Sìkírá, ilé bàbá rẹ nìyí." Ó lọ geere. Bó ṣe hàn níbẹ̀, òkun àánú ni bàbá náà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí.

Ara fu mí. Mo gbé ojú kúrò lára fìlà, mo wo ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Ẹni tó wà lórí ẹní wọ aláwọ̀ ìyeyè kí ọwọ́ tó gbéra. Nígbà tí ọwọ́ sọ̀kalẹ̀, aró ló wọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Wàsíù," mo ní, "ọjọ́ mélòó nìyí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá fúnra wọn ló dá ọjọ́ padà, ó so pọ̀ láìsí àpá. Ẹni tó ti lọ ni, Àjọkẹ́. Wọ́n ṣẹ èmi náà, mo sì ti yọ̀ǹda. Jẹ́ ká bò wọ́n láṣìírí. Aṣọ yẹn nìkan ló kù, mo sì lè gé igun ibẹ̀ kúrò."

Ọwọ́ tó ń bó ẹ̀gúsí dúró. "Wàsíù," ni Màmá Pápálántò wí láti ẹnu ọ̀nà, "ta lo fẹ́ gé kúrò?"

Bọ̀ọ̀dá Wàsíù wo kọ̀ǹpútà. Ó wo àga onígi tí bàbá àgbà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé rí, tí òun wá jókòó lé nísinsìnyí. Ó yí àwòrán náà padà sẹ́yìn, ó sì dá ohun gbogbo tó ti yọ padà sí àyè rẹ̀: ìka lójú tẹlifíṣọ̀n, ewé àti aró, olè tó fi abẹ́rẹ́ wọlé, gbogbo rẹ̀.

Ní ọjọ́ ogójì, a wò ó ní àgbàlá. Àlùfáà ọjọ́ kẹjọ wà níbẹ̀, ó ń wò ó. Nígbà tí aṣọ ìyeyè di aṣọ aró lójú gbogbo èèyàn, ìyá arúgbó kan tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí fò o. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ìpàdé méjèèjì?"

Màmá Pápálántò ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n sún àga wọn mọ́ tirẹ̀, ní iwájú ilẹ̀kùn yàrá wọn. "Jókòó dáadáa," ni wọ́n wí, "n ó sọ fún ọ."